Àpótí Tí A Kì Í Ṣí

Bàbá Alágbòjò kì í dáná pẹ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà, torí pé ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé jọ ń lò, lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ páànù tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá fẹ́ se ẹ̀wà, kí oòrùn tó mú, Bàbá á gbé e ka sítóòfù. Ẹ̀wà á hó, á tún hó díẹ̀ sí i, Bàbá á sì pa iná. Á fi àkísà di etí ìkòkò mú, á gbé e wọ yàrá, á ti ìlẹ̀kùn, á kó irin àti abẹ́rẹ́ tó fi ń tún agbòjò ṣe há abíyá, ó di ibi iṣẹ́. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, kò ní tan iná kankan mọ́. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á máa fi ṣíbí bu ẹ̀wà tó rọ̀, tó ń yọ ooru, bí ẹni tí ìyàwó mẹ́ta ń sè fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Aránṣọ gbádùn. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ti Bàbá. Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rí ìlẹ̀kùn náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò rí ẹni tó wọlé, kò sì rí ẹni tó jáde. Bí kò bá sí iná, kí ló ń se ẹ̀wà?

Ìyá Rédíò ní ìdáhùn tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni yàrá rẹ̀ wà, kò sì sí ìròyìn tó ń lọ lójú títì tí kì í kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mumi.

"Obìnrin ló wà nínú yàrá yẹn," ló wí. "Ó ń gbé e pamọ́ ni."

"Ìyá, ta ló máa wà nínú yàrá látàárọ̀ tí kò ní wúkọ́?"

"Ẹni tí ẹ̀wà kún ẹnu rẹ̀ ni. Ẹni tó ń jẹun kì í wúkọ́."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ẹ̀wà gan-an ni ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bá wọn fọ́ òkúta ní ọ̀nà jíjìn. Ohun tó bá rí ló ń fi ránṣẹ́, ẹ̀wà sì ni agbára ohun tó ń fi ránṣẹ́ ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kì í wọ́n lọ́jà, orí iná ló ti ń wọ́n. Ó lè mu kẹrosíìnì bí ọ̀mùtí kó má tíì rọ̀. Aránṣọ ti rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ó ti gé òwú sítóòfù kúrú, ó ti fi káún sí i títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Nígbà tí kò sí ohun tí kò ṣe tán, ó di pé bí ẹ̀wà bá ti ń gbìyànjú àtirọ̀ ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí iná ọ̀la. Ẹni tó bá ní eyín á rún un.

Ìyá kò ní eyín. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ jìnnà síra wọn bí òpó ilé tí ògiri rẹ̀ ti wó. Ìyá kò ráhùn rí. Á fi ẹ̀wà sẹ́nu, á yí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, tó bá rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun, á tu ú sí etí abọ́, á ní, "Mo ti yó, ìyàwó mi." Aránṣọ ló ń fọ abọ́. Odindi ẹ̀wà tó tò sí etí abọ́ bíi bọ́tìnnì ara ẹ̀wù ló ń bá pàdé nídìí omi ìfọbọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bùọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló sọ ọ́ síta. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń la pákó ní ìlú kejì, ó sì wá kí ìyá rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn wo ọrùn Ìyá pẹ́, ó wá pe Aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, mi ò bá ọ jà. Mo mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Àmọ́ eegun ọrùn Ìyá ti ń yọ. Tí mo bá padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n á bá mi lọ."

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Àyè wà láti òní dé Sátidé."

Ìyá ti gbé ilé Bùọ̀dá Àgbà rí. Oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀, ẹran sì ń bẹ lórí oúnjẹ, àmọ́ ọkọ àti ìyàwó á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọn kì í wọlé àfi tó bá ṣú. "Mo ti ka pákó àjà ilé wọn," ni Ìyá máa ń wí, "débi pé tí ọ̀kan bá sọnù, èmi ni wọ́n máa wá bi."

Bí Ìyá bá lọ, ta ni yóò gbé ọmọ nígbà tí Aránṣọ bá ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ? Ìyẹn ni ará ìta máa kọ́kọ́ rò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí i kú kó tó mọ bí a ti ń pe ìyá. Láti ọwọ́ ìbátan kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn ló ti dàgbà, ó sì rántí ilé kọ̀ọ̀kan, ẹní tó sùn lé níbẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n fi ń pè é. Ìyá yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè é ní "ọmọ mi" tí kò sì fi iṣẹ́ kan tẹ̀lé e.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Alágbòjò wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bó ti máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti tọrọ ìrépé aṣọ. Ọkùnrin gígùn ni, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ọwọ́ agbòjò. Aránṣọ ti ń rò pé epo tó wà lára irin agbòjò ló ń fi ìrépé náà nù. Lọ́jọ́ yìí, ó bi í.

"Bàbá, kí lẹ ń fi gbogbo ìrépé yìí ṣe?"

"Mo ń fi wọ ẹnìkan láṣọ ni."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Rédíò sọ sí Aránṣọ lọ́kàn. Ó di ìrépé náà, ó sì gbé e kọ́ apá. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e dé yàrá."

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ojú rẹ ló fẹ́ gbé e, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ó dáa, máa bọ̀."

Kò sí obìnrin kankan nínú yàrá náà. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, irin agbòjò tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri bí àdán tó ń sùn, àti àpótí pákó kan ní igun ilé. Bàbá ní kó fọwọ́ kan ara àpótí náà. Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí àpótí èyíkéyìí.

Bàbá wá ṣí i. Ìrọ̀rí ńlá kan ló wà lókè. Ó gbé e kúrò. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ìrépé aṣọ, gbogbo aṣọ tí Aránṣọ ti gé láti ọdún tó kọjá: ṣòkòtò títẹ́ẹ́rẹ́ ti ọ̀gá ilé ìwé, aṣọ aláwọ̀ ewé ti ìyàwó oníbúrẹ́dì. Ìkòkò wà láàárín wọn, aṣọ yí i ká bí ìgbà tí ẹyẹ bá tẹ́ ìtẹ́. Bàbá ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ̀wà kún un dé ọrùn, ooru gba Aránṣọ lójú. Ẹ̀wà náà ti rọ̀ débi pé ṣíbí kàn án, ó fọ́.

"Iná dà?" ló bèèrè.

"Iná ti ṣe tirẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí òtútù ń mú, ṣé a máa ń dáná sí i lára ni? Aṣọ la ń fi bò ó. Ìkòkò yìí ti gbóná tẹ́lẹ̀, mi ò kàn jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọ́nà jáde ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ta wáyà mọ́ agbòjò lọ́hùn-ún, ó ń se ara rẹ̀."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Yìnyín ni. Mo ṣọ́ ilé tí wọ́n ti ń ta yìnyín rí. Kúbùsù ni wọ́n ń fi wé yìnyín kó má bàa yọ́, nínú oòrùn. Mo ń wò ó lójoojúmọ́. Mo wá ní, ohun tó lè ti òtútù mọ́lé báyìí, ṣé kò ní lè ti ooru mọ́lé? Mo fẹ́ wò ó. Mo sì wò ó."

Bí Aránṣọ ti dé yàrá, ó tú aṣọ oníbàárà kúrò nínú àpótí pákó tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó rọ ìrépé sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó bu ife ẹ̀wà kan bó ti máa ń bù ú, ó jẹ́ kó hó dáadáa, ó gbé e sáàárín aṣọ, ó fi ìrọ̀rí bò ó, ó dé àpótí, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ.

Ọkàn rẹ̀ kò jókòó. Ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, ó dìde, ó lọ ṣí i wò. Ooru fẹ́ sí i lójú, inú rẹ̀ dùn, ó dé e padà. Ó bọ́ sórí ẹ̀wù, ó rán apá ọ̀tún sí ihò òsì, ó tú u, ó tún lọ ṣí i. Nígbà tó jáde lọ ra bọ́tìnnì, Ìyá tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ náà rọra ṣí i díẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wà le bí òkúta tí ọkọ rẹ̀ ń fọ́.

Ó sáré lọ bá Bàbá.

"O ṣí i," ni Bàbá wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Bàbá."

"Aránṣọ."

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Bàbá ṣì ń wò ó lójú.

"Ìyá náà ṣí i lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹni tó gbin iṣu, tó ń hú u wò láràárọ̀ bóyá ó ti ta, kí ló ń retí? Nǹkan yìí, bí o bá ti dé e, gbàgbé pé o bí i."

Ó padà lọ gbìyànjú. Ó fi okùn di àpótí náà yíká, ó ta á ní kókó, ó sì fi aṣọ ọ̀fọ̀ oníbàárà kan tí kò sẹ́ni tó máa fẹ́ fọwọ́ kàn lé e lórí. Kò ṣí i. Ìyá kò ṣí i. Nírọ̀lẹ́, wọ́n tú okùn pẹ̀lú ìrètí. Ìkòkò náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ. Ẹ̀wà kò rọ̀.

Bàbá Alágbòjò wá fúnra rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ omi ẹ̀wà wò, ó tẹ ìrépé, ó wo ìdí àpótí bóyá ó lu. Ó họ orí. "Tèmi kì í ṣe báyìí," ló wí. Látìgbà tó ti ń sè é, kò sè é lọ́nà mìíràn rí, nítorí náà kò mọ èyí tó ń ṣe iṣẹ́ nínú gbogbo ohun tó ń ṣe. Ìyẹn gan-an dùn mọ́ ọn. Ó jókòó sórí àga rọ́bà kan níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nìkan: "Ìrọ̀rí ni? Rárá, ìrọ̀rí tiyín nípọn jù tèmi."

Ọjọ́ Ẹtì ni Aránṣọ rí ìdí rẹ̀, nígbà tó ń lọ aṣọ. Àyọ́ọ̀nù eléèédú ni tirẹ̀. Èédú ti ń tán, ẹyin iná díẹ̀ ló fi sí i, kí ó tó dé orúnkún ṣòkòtò, àyọ́ọ̀nù ti tutù. Ó ṣépè fún un lábẹ́ ètè. Tí ẹyin iná bá kún inú rẹ̀, ó máa ń lọ ṣòkòtò kan àti ẹ̀wù rẹ̀ tán, á ṣì máa jó ọwọ́. Àyọ́ọ̀nù kan náà, irin kan náà. Ó dúró pẹ̀lú àyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Kí lo rí?" Ìyá bi í.

"Ìyá, ìkòkò wa ò kún."

"Ìgbà wo ló kún rí?"

"Ẹ gbọ́ ná. Ti Bàbá kún. Ìkòkò kan ni wọ́n ń jẹ lónìí àti lọ́la. Tiwa, ife kan nínú ìkòkò ńlá ìgbéyàwó. Ooru tó wà nínú rẹ̀ ò ju ẹyin iná méjì lọ. Kí aṣọ tó mọ̀ pé òun ní àlejò, àlejò ti lọ."

Ìyá gbé ọmọ láti èjìká kan sí èkejì, ó ronú sí i. "Ká fi omi kún un ńkọ́?"

"A ó máa fi ife mu ún nìyẹn."

Ìkòkò kékeré wà nílé, ṣùgbọ́n kò ní ọmọrí mọ́, orí rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ látọdún tí wọ́n kó wọlé. Ohun tó kù ni kí wọ́n kún ìkòkò ńlá. Ohun tó sì máa kún un ni gbogbo ẹ̀wà tó wà nínú àpò, èyí tó yẹ kó gbé wọn dé ìgbà tí ọkọ rẹ̀ yóò tún fi nǹkan ránṣẹ́. Bí kò bá rọ̀, kò sí kẹrosíìnì tí wọn yóò fi gbé e padà sórí iná, ẹ̀wà tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ mọ́jú á sì kan. Ọ̀la sì ni Sátidé. Aránṣọ di ẹnu àpò náà mú, kò lè dà á.

"Dà á síbẹ̀," Ìyá wí.

"Tí kò bá rọ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"A ó mọ̀ pé kò rọ̀. Èyí tí mi ò mọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn."

Ó dà á sómi.

Ní Sátidé, ó sè é láàárọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, ó jẹ́ kó hó títí ọmọrí fi ń jó, ó sì wé e sínú àpótí bí ọmọ tuntun. Kò di okùn. Ó fà á sí ìdí ògiri, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ sórí itan, ó sì jókòó lé e.

Ibẹ̀ ni Bùọ̀dá Àgbà bá a. Ó gbé báàgì kan tó ṣófo dání, fún ẹrù Ìyá. Aránṣọ dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì padà jókòó sórí àpótí kíákíá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Bùọ̀dá Àgbà rí i. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ fọ ẹsẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ sítóòfù wọn kọjá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti le.

"Ìyàwó, ṣé ẹ ò tíì dáná lónìí ni?"

"A ti dáná, Bùọ̀dá."

"Oúnjẹ dà?"

"Òun ni mo jókòó lé."

Ó wo àpótí, ó wo obìnrin náà, ó wo ìyá rẹ̀. "Dìde kí n rí i."

Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ tó ń rán, kò dìde. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí ní ìyàwó, kò tíì sọ pé rárá fún ọkùnrin yìí rí. "Ẹ má bínú, Bùọ̀dá. Tí mo bá dìde, ẹ ó ṣí i. Tí ẹ bá ṣí i, ó bàjẹ́ nìyẹn."

"Ìyá, kí ló ń ṣe é?"

"Kò ṣe é ní nǹkan kan," Ìyá dáhùn. "Èmi gan-an ò gbọdọ̀ ṣí i, mo dẹ̀ dàgbà jù ọ́ lọ. Jókòó."

Ó jókòó. Ìyá Rédíò yọ orí wọlé. "Mo gbọ́ pé Aránṣọ ń sàba lé ẹ̀wà. Ṣé ó ti pa?"

"Kò tíì pa, Ìyá."

"Ẹ ránṣẹ́ sí mi tó bá pa. Mo fẹ́ rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí." Ó wo Bùọ̀dá Àgbà tó gbé báàgì lé orúnkún, ó kí i, ó sì lọ, àmọ́ kò lọ jìnnà.

Ojú Bùọ̀dá Àgbà kò kúrò lára àpótí mọ́. Lẹ́yìn ìgbà tó ti fọwọ́ gbá ara rẹ̀ wò tó rí i pé ó tutù, ó bi Aránṣọ pé báwo ni nǹkan inú rẹ̀ ṣe lè gbóná. Aránṣọ sọ fún un. Kò gbà gbọ́. Ó ní kó tún un sọ. Ó bèèrè ìdí tí ìkòkò fi gbọ́dọ̀ kún, Aránṣọ sọ ti àyọ́ọ̀nù fún un, ó sì mi orí pẹ́. Títí dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ẹrù Ìyá.

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé nígbà tí Aránṣọ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ó ṣí àpótí, ó gbé ìrọ̀rí, ó fi àkísà di ọmọrí mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, Bàbá Alágbòjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ní, "Ṣí i, ó tó."

Ooru náà bo gbogbo wọn. Aránṣọ fi ṣíbí bu ẹyọ kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi sí Ìyá lẹ́nu. Gbogbo ilé ń wo ẹnu arúgbó. Ìyá pa ẹnu dé. Ahọ́n rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, kò sì yí i sí ibì kankan. Ó gbé e mì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré," ló wí. "Bù ú wá."

Ó jẹ abọ́ kan, ó sì jẹ díẹ̀ lára èkejì. Bùọ̀dá Àgbà náà jẹ, ó fa omi rẹ̀ mu títí abọ́ rẹ̀ fi mọ́. Ìgbà yẹn ló tó gbé báàgì.

"Ìyá, ṣé ká máa kó ẹrù yín?"

"Ẹrù wo? Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi àgbàdo gbígbẹ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ló máa sọ fún mi bóyá ó rọ̀, àjà ilé rẹ?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bùọ̀dá Àgbà, ó gbé e mì. "N óò padà wá lóṣù tó ń bọ̀," ló sọ fún Aránṣọ. "Eegun ọrùn yẹn ni n óò kọ́kọ́ wò, kí n tó kí ẹnikẹ́ni."

"Ẹ máa bọ̀, Bùọ̀dá. Ẹ ó bá a níbi tó sanra sí."

Ó ká báàgì há abíyá, ó dágbére, ó jáde. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rédíò kó tó yí padà, ó tún wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, níbi iṣẹ́ wa, ìyẹ̀fun pákó pọ̀ bí òkè, dídà là ń dà á nù. Tí èèyàn bá fi í rọ́pò aṣọ nínú àpótí yẹn ńkọ́?"

Aránṣọ wo Bàbá Alágbòjò. Bàbá Alágbòjò wo àpótí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn.

"Gbé e wá," Ìyá wí, "ká wò ó."